Bí Mo Ṣe Wá Àwọ̀ fún Ògiri Tó Ń Sọ̀rọ̀ Funfun

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kó wọlé; ẹni tí ebi bá ń pa, kó lọ jẹun kó tó padà wá, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í dúró de ẹni tó dìde. Èmi ni Ọdẹ́yọyin, ọmọ ọdẹ, aya ọdẹ, ọdẹ fúnra mi. Ìwé kejì ni mo kà dé tí bàbá mi fi ní ìbọn ti tó mi gbé. Èmi àti lẹ́tà, bí ará àdúgbò la rí: a ń kí ara wa, ṣùgbọ́n a kì í jẹun pọ̀. Orin nìkan ni mo kà dé yunifásítì rẹ̀.

Lánàá ni mo yà sí ṣọ́ọ̀bù tí Tíṣà Adégbìjà ti ń kọ́ yín ní kọ̀ǹpútà. Mo rí ojú ẹ̀rọ kan tó dúdú bí ìdí ìkòkò, tí lẹ́tà funfun ń jáde lára rẹ̀ bí ìjàlọ tó ń ṣí kúrò nílé. Ẹ kọ àṣẹ sí i, ó dáhùn. Ẹ kọ òmíràn, ó tún dáhùn. Gbogbo èsì rẹ̀ funfun, gbogbo rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ jọra. Tíṣà ní ohun tó kàn tí ẹ máa kọ́ ni bí a ṣe ń fi àwọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yẹn ń sọ. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, "Tíṣà, mo ti bá bàbá-ńlá nǹkan yìí pàdé nínú igbó, nígbà tí eyín mi ṣì pé." Òun ló ní kí n wá sọ ọ́ fún yín. Ìdí tí ẹ fi rí mi níhìn-ín nìyẹn, ẹ má rò pé ẹ̀pà tí ẹ sè ló fà mí wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè sún un mọ́ mi.

Ẹ máa bá mi gbe orin yìí, kó tó di pé mo gbéra:

Ojú dúdú, ọ̀rọ̀ funfun,
Ta ni yóò kà á?
Ewu jókòó láàárín ìkíni,
Ta ni yóò kà á?
Ẹkùn wọṣọ ewúrẹ́ wọ̀lú,
Ta ni yóò kà á?

Ó dára, ohùn yín dùn. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Mo ní àbúrò obìnrin kan, Ọdẹ́tóún, ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ó tọpa ìgalà wọ igbó, kò padà. Wọ́n ní kí n jókòó kí n máa sunkún. Mo ní ẹkún kì í tọpasẹ̀ ẹnikẹ́ni, ojú ló ń tọpasẹ̀. Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo tẹ̀lé e.

Ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mú mi dé ni wọ́n ń pè ní Ìlú Ògiri. Mi ò lè júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún yín. Ẹni tó bá ń wá èèyàn rẹ̀ ni ọ̀nà yẹn máa ń ṣí fún. Láàárín ìlú náà, ògiri kan dúró, ó dúdú, ó ń dán, ó ga ju igi àràbà lọ. Bí ará ìlú bá fẹ́ nǹkan, yóò lọ sí ìdí rẹ̀, yóò fi ẹfun kọ àṣẹ síbẹ̀: "Gbé omi wá sílé mi." Ògiri á ṣe é, á sì kọ ohun tó ṣe sókè: "Omi ti dé ilé Láwọyin." Bí ewúrẹ́ bá bímọ, ògiri á kọ ọ́. Bí ẹkùn bá wọ oko, ògiri á kọ ọ́. Kì í fi nǹkan kan pamọ́. Àmọ́ irú lẹ́tà kan náà ló fi ń kọ gbogbo rẹ̀, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń sáré gòkè bí èéfín. Ẹkùn àti ewúrẹ́, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan pé ògiri kọ ọ́ pé odò ń bọ̀, láàárín ìròyìn ewúrẹ́ ló sì kọ ọ́ sí. Ẹnikẹ́ni kò rí i. Odò dé, ó kó èèyàn lọ. Látìgbà náà ni Ọba Adérẹ̀tí ti pàṣẹ pé àlejò tó bá wọ ìlú, kí wọ́n mú un jókòó lórí àpótí níwájú ògiri, kó máa ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń jáde, kó máà ṣẹ́jú, títí ojú rẹ̀ á fi funfun. Bí ojú rẹ̀ bá ti fọ́, wọ́n á wá àlejò mìíràn.

Orí àpótí yẹn ni mo ti rí àbúrò mi. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti funfun bí ẹyin adìyẹ. Ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, ó dá a mọ̀, kò yíjú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú pé n kò kúnlẹ̀ kí yín. Tí mo bá yíjú tí ewu kọjá, ọrùn mi ni wọ́n máa fi dí i."

"Ta ló ní kí o kí mi? Ojú òsì ńkọ́?"

"Ó ṣì ń ríran. Ìròyìn ewúrẹ́ tí mo kà láàárọ̀ yìí pọ̀ débi pé èmi gan-an fẹ́ẹ́ ké."

Ẹ wò ó, ìyà gba ojú rẹ̀, kò gba ẹnu rẹ̀. Ọmọ ìyá mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ojú ló bá imú. Mo kọrí sí ààfin.

Mo kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ojú àbúrò mi ló ń tán lọ yìí. Kí ni mo lè ṣe tí ẹ ó fi dá a sílẹ̀?"

Ọba wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ògiri mi kò jẹ́ kí a wo nǹkan lókèèrè. Mú kó máa sọ ewu lọ́nà tí ẹni tó wà ní òdìkejì odò á fi rí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó tì í, kí o sì mú àbúrò rẹ lọ. Bí o bá padà lọ́wọ́ òfo, àpótí kejì ń bẹ nílé."

"Kábíyèsí, ẹ máa fi àpótí yẹn gbé ìkòkò lé. Ìdí tèmi kò ní kàn án."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má máa bá ọba sọ̀rọ̀ báyẹn. Èmi lè sọ ọ́ nítorí pé ẹ̀rù kì í bà mí, bí ẹ̀rù bá sì bà mí, orin ni mo máa ń fi bò ó.

Wọ́n ní ọ̀dọ̀ Ìyá Aláwọ̀ ni mo ti lè rí ohun tí mo ń wá, àti pé Ìgbó Ajọra ni èèyàn gbọ́dọ̀ là kọjá kó tó débẹ̀. Mo wọ igbó náà. Àwọn iwin yọ sí mi, gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn ní àmì funfun tótòtó lára, gíga kan náà, imú kan náà, ẹ̀rín kan náà. Wọ́n fọhùn pọ̀:

"Obìnrin ọdẹ, káàbọ̀. Ọ̀kan nínú wa ń jẹ èèyàn. Àwa yòókù, oníwà pẹ̀lẹ́ ni wá. Di ẹnìkan lọ́wọ́ mú kó sìn ọ́ jáde. Bí o bá di ọ̀rẹ́ mú, o ti là. Bí o bá di ajẹ̀nìyàn mú, a ó bá ọ wá ata."

Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n fẹ́ràn orin. Wọ́n ní àwọn fẹ́ràn rẹ̀ ju iyọ̀ lọ. Mo dá orin sílẹ̀, ijó bẹ̀rẹ̀, eruku sọ. Ibi tí wọ́n ti ń jó ni mo ti rí ọ̀kan tó dúró, tó ń wo itan mi bí ẹni tó ń wo ẹran lórí àtẹ. Mo yọ osùn tí mo fi ń pa ẹsẹ̀ nínú àpò, mo fi kun ún lórí gbàgà. Ó pọ́n bí ojú iná. Mo ti fẹ́ máa yọ̀ nígbà tí àwọn yòókù yí mi ká.

"Kí ló dé tí o fi pa òun ní osùn, tí o kò pa wá? Ṣé ìyá òun ló bí ẹ ni?"

"Ẹ dákun, ẹ fi àwa náà sí i."

Wọn kò gbà kí n mí. Mo pa èyí, mo pa tọ̀hún, nígbà tí mo máa gbójú sókè, gbogbo igbó ti pọ́n, mi ò sì mọ ajẹ̀nìyàn mọ́. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, wọ́n ní ó yá. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ máa fi àwọ̀ sí ọ̀rọ̀: ẹni tó bá kun gbogbo nǹkan ní pupa, kò kun nǹkan kan.

N kò na ọwọ́ tèmi. Mo ní, "Ẹ̀yin arẹwà, aṣọ ẹgbẹ́ ti sú èèyàn. Odò ń bẹ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ tirẹ̀ nìkan, kó lọ wẹ̀, kó wá mú èyí tó wù ú." Wọ́n sáré. Èyí fi eérú para, ìyẹn fi omi ewé para, ẹnìkan fi òdòdó sọ ara rẹ̀ di ìyàwó. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò lọ, nítorí pé pupa ti wọ̀ ọ́ lórí, ó ní òun ni òun kọ́kọ́ ní in. Mo mọ̀ ọ́n. Mo di ẹlẹ́eérú lọ́wọ́ mú, ó sì sìn mí jáde pẹ̀lú orin.

Ìyá Aláwọ̀ jókòó láàárín àwọn ìkòkò aró rẹ̀. Apá rẹ̀ kan pọ́n, apá kejì rí bí ewé tuntun, irun rẹ̀ bí ìyeyè tó pọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó na ọ̀pá sí mi, ó ní:

"Máa ro ìkòkò yìí. Má wẹ̀yìn. Bí o bá wẹ̀yìn, àwọ̀ á sá."

Mo ń rò ó. Ooru rẹ̀ ń bọ́ awọ lójú mi. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn Ọdẹ́tóún lẹ́yìn mi gan-an, bó ṣe máa ń pè mí nígbà tí a wà lọ́mọdé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú òsì ti ń lọ. Ẹ kàn wò mí lẹ́ẹ̀kan, kí n rí ojú yín kó tó lọ tán."

Ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò, ẹ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe sí inú èèyàn. Ọrùn mi fẹ́ yí, mo fi àgbọ̀n mi ti ọ̀pá. Omi ojú mi ń kán sínú aró. Mo wí lọ́kàn mi pé àbúrò mi ò sí lẹ́yìn mi, iwájú mi ló wà, inú ìkòkò yìí ló wà, bí mo bá wẹ̀yìn ni mo pàdánù rẹ̀. Mo rò ó títí ohùn náà fi dákẹ́.

Ìyá Aláwọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "O gbójú. Kí lo fẹ́?"

"Ìyá, àwọ̀ ni. Mo mú igbá wá tí n ó fi gbé e."

"Igbá kọ́. Ta ní í rẹ ògiri láró? Ọ̀rọ̀ ni wàá wọ̀ láṣọ, ọmọ mi. N ó fún ọ ní àmì. Bí o bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan pọ́n, kọ àmì pupa síwájú rẹ̀. Ògiri á gbé àmì náà mì, ojú ẹnikẹ́ni kò ní rí i, ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e ló máa jáde ní pupa. Àmì tirẹ̀ wà fún àwọ̀ ewé, tirẹ̀ wà fún ìyeyè. Èyí ń mú kí lẹ́tà sanra, èyí ń fa ìlà sí i nídìí. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ náà bá ti jáde, kọ àmì ìparí sẹ́yìn rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aṣọ ẹnìkan ni gbogbo ìlú máa wọ̀."

"Ìyá, àwọ̀ wo ló yẹ ewu jù?"

"Èmi kọ́ ni kí o bi. Bi ẹni tó ni ojú tí yóò wò ó."

Nítorí pé èmi àti lẹ́tà kì í jẹun pọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ di orin, mo ń kọ ọ́ bọ̀ wá sílé:

Àmì ṣíwájú, ọ̀rọ̀ tẹ̀lé e,
Ọ̀rọ̀ kọjá tán, àmì tìlẹ̀kùn.

Nígbà tí mo fi dé Ìlú Ògiri, òjò ti ń ṣú, odò sì ti ń kùn. Wọ́n pe Olóyè Ṣówándé, òun ló mọ̀ jù nípa kíkọ nǹkan sí ìdí ògiri. Mo kọrin, ó ń kọ ọ́: bí ọ̀rọ̀ ewu bá ń bọ̀, kí àmì pupa ṣíwájú, kí lẹ́tà sanra. Nígbà tí mo kọrin dé àmì ìparí, ó sọ ẹfun kalẹ̀.

"Obìnrin ọdẹ, ẹ má bínú, àlejò ni yín. A kì í pe ìparí nílùú yìí. Ọdún tí ẹnìkan ní iṣu òun parí, ìyàn mú wa títí."

"Olóyè, bí ẹ ò bá kọ ọ́, nǹkan á bàjẹ́."

"Kó bàjẹ́ sàn ju kó parí lọ."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò. Kò pẹ́ tí ejò kan fi wọ àká ọba. Ògiri kọ ọ́ ní pupa, ó sanra, gbogbo ìlú pàtẹ́wọ́. Wọ́n pa ejò náà. Àtẹ́wọ́ kò tíì rọ̀ tí ògiri tún fi kọ ọ́ ní pupa gbòò pé ewúrẹ́ Láwọyin ti bímọ. Ó kọ ọ́ ní pupa pé omi ti dé. Ó kọ ọ́ ní pupa pé ẹnìkan ń sín. Ìlú dàrú. Wọ́n ń sá gun òkè. Ọkùnrin kan gbé ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ sá, ìyàwó tuntun kan fi ọkọ sílẹ̀, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀. Ọba jáde, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀.

"Kí ló dé?"

"Kábíyèsí," ni ẹ̀ṣọ́ kan wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ewúrẹ́ bímọ."

Ọba yíjú sí mi. Kò pariwo, ìyẹn ló dẹ́rù bà mí. Ó ní, "Gbé àpótí kejì wá." Bí wọ́n ṣe mú mi jókòó ti àbúrò mi nìyẹn, àti èmi àti ẹnu mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Ọdẹ́tóún wí, kò yíjú, "ṣé àpótí yẹn tutù? Tèmi ti móoru."

"Dákẹ́, jẹ́ kí n ronú."

Kí n tó ronú jìnnà, ìyàwó Olóyè Ṣówándé wá kó abọ́ ọkọ rẹ̀. "Baálé mi, ẹ̀kọ yín ńkọ́?" Olóyè fi ahọ́n lá ètè. "Ó ti relé," ló fi dá a lóhùn. Mo wo abọ́ náà, ó ṣófo, ó ń dán.

"Olóyè, níbo ni ẹ̀kọ yín wà?"

"Ẹ ò gbọ́ ni? Ó relé. Bí a ṣe ń sọ ọ́ níhìn-ín nìyẹn. Iṣu tó bá kúrò lóko, ó relé. Òkú àgbà, ó relé. Kò sí ohun tó ń parí."

Mo dìde lórí àpótí. Ẹ̀ṣọ́ gbé kùmọ̀, n kò wo kùmọ̀.

"Olóyè, ẹ bá mi gbé ẹfun. Àmì tó kù yẹn, mo ti pè é ní orúkọ burúkú létí yín. Aṣọ tí ọ̀rọ̀ yá wọ̀ ló ń bọ́, tó ń padà sí àwọ̀ tí a fi bí i. Ẹ kọ ọ́ pé: Pupa, relé."

Olóyè wo ọba. Ọba wo sánmà tó ń ṣú. Ó mi orí pé òun gbà. Olóyè kọ ọ́. Pupa ṣàn wálẹ̀ lára ògiri, ó pòórá, ewúrẹ́ tó bímọ lẹ́yìn rẹ̀ sì jáde ní funfun, jẹ́jẹ́, bó ṣe yẹ ewúrẹ́.

Ọba wá ní ojú rere, ṣùgbọ́n ọba ni ọba. Ó ní ewu ìlú òun kò gbọdọ̀ wọ pupa bí aṣọ alápatà, àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ adé òun ni kó wọ̀, aró tó jinná débi tó dúdú. Wọ́n kọ ọ́. A dúró.

"Èyí tí ẹ kọ dà?"

"Ó ti wà lára ògiri, Kábíyèsí."

Ọba sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi kan án. Olorì rẹ̀ àgbà ló la ẹnu. "Kábíyèsí, ewu tó wọṣọ òkùnkùn lọ sínú òkùnkùn, ta ni yóò kí i káàbọ̀?"

Ọba rẹ́rìn-ín títí ìlẹ̀kẹ̀ fi ń mì. Mo rántí ohun tí Ìyá Aláwọ̀ wí, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó ni ojú." Mo bi Ọdẹ́tóún.

Ó ní, "Pupa ò yé ojú tó kù fún mi mọ́, bí èédú ni mo ń rí i. Ìyeyè ló ń pariwo sí mi."

Wọ́n wọ ewu ní ìyeyè, wọ́n mú kó sanra, wọ́n fa ìlà sí i nídìí. Ọba sì ní kí agboolé kọ̀ọ̀kan yan èyí tó bá wù wọ́n fún ọ̀rọ̀ tiwọn. Àwọn alágbẹ̀dẹ mú pupa. Àwọn ìyàwó mú àwọ̀ ewé. Bàbá arúgbó kan ní òun kò fẹ́ nǹkan kan, kí wọ́n jẹ́ kí tòun máa funfun lọ, a sì fi í sílẹ̀, nítorí aṣọ kì í ṣe túláàsì.

Ìgbà náà ni òjò dé. Ọba ní, "Ọdẹ́tóún, yí àpótí rẹ padà. Kọ ẹ̀yìn sí ògiri. Kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Bí ewu bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò rí i, ẹ̀yin méjèèjì ni n ó bi."

Ó yí i padà. Ó kọjú sí mi, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Mo di ọwọ́ náà mú. Ògiri ń kọ lọ lẹ́yìn rẹ̀: omi dé, ewúrẹ́ bímọ, ilé ẹnìkan ń jò, ewúrẹ́ bímọ. Ní òdìkejì odò, àwọn tó ń ti oko bọ̀ ti ru ẹrù dé ẹnu afárá, òjò ń na ojú wọn. Mo ń wo ògiri lórí èjìká àbúrò mi. Mo fẹ́ pariwo kí ohunkóhun tó jáde.

Ó jáde. AFÁRÁ Ń JÁ. Ó yọ ìyeyè láàárín funfun bí òṣùpá tó yọ láàárín ìkùukùu. N kò pariwo, ọba ní kí n má pariwo. Obìnrin kan tó ru igi ló kọ́kọ́ gbójú sókè ní òdìkejì odò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà lórí pákó. Ó fà á padà, ó ju igi sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó tẹ̀lé e. Afárá là sí méjì, odò gbé e lọ. Kò gbé èèyàn kankan.

Ọba rìn wá nínú òjò, ó dúró níwájú àbúrò mi.

"Ọdẹ́tóún, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ afárá, kí ni ògiri tún sọ?"

"Kábíyèsí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ewúrẹ́ bímọ. N kò kà á."

Ọba bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí náà bí àbúrò mi ṣe dìde, ó gbé e fún ẹ̀ṣọ́, ó ní kí wọ́n fi dáná. A kí i, a gba ọ̀nà òkè.

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo sọ, igbó ló pa á fún mi, èmi kàn rù ú délé ni. Àmọ́ èyí tó kù yìí, ojú mi ló ṣe. Bí a ṣe ń lọ ní ọ̀nà òkè, Ọdẹ́tóún ń dúró ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ojú òsì wò ó, ó ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo ní kó yá ẹsẹ̀, oòrùn ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ jẹ́ n wò ó. Kò sẹ́ni tó ní kí n kà á."